Fádípẹ̀ Tó Ya Ilẹ̀ Bàbá Rẹ̀ Sórí Ìwé

Nínú gbogbo abúlé tó wà láàárín Lagbé àti Banigbé, Victorin Fádípẹ̀ nìkan ni àgbẹ̀ tó máa ń gbá oko rẹ̀ bí ẹni tó ń gbá àgbàlá. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn a máa yà síbẹ̀ láti wò ó. Wọ́n á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì máa lọ. Kò sí ewé gbígbẹ kan nílẹ̀. Kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí ilẹ̀ náà yóò máa jẹ nígbà tí wọ́n ti gbá oúnjẹ rẹ̀ dànù tán.

Ilé ìwé ló kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọlọ́pẹ, fi í ránṣẹ́ sí àwọn fadá ní Àjàṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibẹ̀ ló sì ti gba ìwé ẹ̀rí sẹ̀tìfíkà. Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára jù lọ kì í ṣe kátíkísìmù, kì í sì í ṣe ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ Faransé. Rúlà ni. Ó fẹ́ràn kí ìlà tọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà ọkọ̀, ó ń bá wọn di okùn ìwọ̀n mú. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ló tó padà sílé wá jogún ilẹ̀ ẹ́kítà mẹ́rìnlá. Ìyàwó rẹ̀ Léontine àti Félicité ọmọ wọn sì bá a wá.

Ilẹ̀ tó jogún kò tọ́ rárá lójú rẹ̀. Ibi tó wu ọ̀pẹ ló hù sí, nítorí ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbìn ín. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wà lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ náà. Ó tó ìdajì ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ kó lè sinmi, ibẹ̀ sì ti di igbó. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, igi ńláńlá yí ìsun omi kan ká. Oyin pọ̀ nínú àwọn igi náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe omi náà ní Olóyin. Léontine àti obìnrin mẹ́rin mìíràn ní ebu epo lẹ́bàá Olóyin, nítorí epo pupa kì í jáde láìsí omi púpọ̀. Wọ́n á se ẹyìn, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò, wọ́n á da omi lé e, epo á léfòó, wọ́n á sì bù ú.

Lẹ́nu ọ̀nà igbó tó ń sinmi yẹn, bàbá Fádípẹ̀ ti fi ààlè síbẹ̀: ọ̀pá kan tó so àkísà bàtà, ṣùkù àgbàdo àti àfọ́kù igbá mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olóhun, àti pé ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ láìgbàṣẹ, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á.

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí Fádípẹ̀ dé ló fa ọ̀pá náà tu.

“Ilẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń so àkísà bàtà kọ́,” ló wí. “Ìwé ni ẹ̀rí.”

Ó wá fi gbogbo ìgbà Lẹ́ńtì ọdún yẹn ya ilẹ̀ náà sórí ìwé. Òun di orí okùn kan mú, Léontine di èkejì, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ó fi íńkì pupa sàmì sí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan, ó kun igbó ní àwọ̀ ewé, ó kun omi ní àwọ̀ aró, ó kọ ìwọ̀n sí gbogbo igun. Iṣẹ́ tó dára ni. Èèyàn ì bá gbé e kọ́ sára ògiri bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà ni Ifáṣínà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Igbó ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ifáṣínà. Ó máa ń dá oko sí ojú kan, ó máa ń fi ojú méje sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, òun náà kò sì bá wọn jiyàn, nítorí iyàn jíjà náà iṣẹ́ ni.

Ọdún kejì tí Dàhómì gba òmìnira, ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba wá pèpàdé lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìfọ̀nyìn. Ó ní orílẹ̀-èdè tuntun nílò oko ọ̀pẹ ńlá, ọ̀pẹ ìgbàlódé tí kì í ga, tó sì ń tètè so. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọn yóò pa á pọ̀ di kọperatífù. Àwọn olóhun yóò gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ní ìpín níbẹ̀. Dieudonné, mònítọ̀ tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì: ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Fádípẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ilẹ̀ rẹ̀. Ìdajì ogún bàbá rẹ̀ ni igbó. Bí wọ́n bá gba ìdajì yẹn, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún Félicité àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń rìn bọ̀ wálé, ó dojú kọ Ifáṣínà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí ni? Ẹ wá nǹkan ṣe sí igbó yín!”

“Mo ti ṣe é.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Mo so ẹsẹ̀ bàtà kejì mọ́ ààlè mi.”

“Mais non, rárá o, Ẹ̀gbọ́n! Ìjọba ló ń bọ̀, kì í ṣe olè tó ń wa iṣu oníṣu.”

“Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ìwọ lo kàwé, ṣàlàyé fún mi.”

Fádípẹ̀ ti pinnu ohun tí yóò ṣe: yóò ṣán gbogbo igbó náà, débi pé ojú òpè pàápàá yóò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó pe ọ̀wẹ̀, ogún ọkùnrin dá a lóhùn, Léontine sì se oúnjẹ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí Olóyin, ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó wá dúró síwájú ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Félicité, ẹ fi igi ìdí omi sílẹ̀.”

“Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, ìlà náà á wọ́.”

“Ṣé ìlà la ó fi fọ epo ni?”

“Léontine, ilẹ̀ ni mò ń gbà sílẹ̀ yìí. Omi ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gé igi, tí wọ́n sì fi iná sun ún. Oyin gbéra bí ìkùukùu dúdú, wọ́n ré kọjá ààlà, wọ́n bọ́ sínú igbó Ifáṣínà. Wọn kò béèrè ìwé. Nígbà tí òjò dé, Fádípẹ̀ gbin àgbàdo láti òkè gẹ̀rẹ́ dé ìdí omi, ó ta okùn sí poro kọ̀ọ̀kan. Dieudonné mú àwọn àgbẹ̀ Tchaada wá wò ó, ó sì kọ orúkọ Fádípẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ àwòkọ́ṣe. Àgbàdo náà dára lọ́dún yẹn, nítorí eérú. Léontine ṣàkíyèsí pé omi Olóyin ti ń pọ́n, àmọ́ kò sí ẹni tó ń fi irú ìyẹn gba ẹ̀bùn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń wo ilẹ̀, ó wọ ṣòkòtò kúkúrú àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ọmọ ìlú ńlá ni. Ó háyà òṣìṣẹ́ mẹ́fà ní Banigbé. Ilẹ̀ Ifáṣínà ló kọ́kọ́ dé, bí òfin ṣe wí, nítorí igbó ni. Àwọn òṣìṣẹ́ náà dé ẹnu ọ̀nà igbó, wọ́n sì dúró.

“Kí ló dé?” ni awọnlẹ̀ béèrè.

“Bàtà ni, Ọ̀gá.”

“Bàtà wo? Ẹ gbé e kúrò!”

“Kí Ọ̀gá bá wa gbé e.”

Awọnlẹ̀ na ọwọ́. Ó wo ojú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ti sún sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fàyè sílẹ̀ fún ohun tó ń bọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi nu ìgò ojú rẹ̀.

“Bon,” ló wí. “Igbó yìí ti dí jù. Ẹ̀rọ mi ò lè ríran nínú rẹ̀. A óò padà wá.”

Ó yíjú sí òdìkejì ààlà, ó sì rí ilẹ̀ tó mọ́ rekete, tó là gbangba, tí kò ní kùkùté kan. Kò tún sí àríyànjiyàn mọ́. Bó ṣe ń béèrè ẹni tó ni ín lọ́wọ́, Fádípẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń sáré bọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú ìwé rẹ̀ dání.

“Ẹ kú iṣẹ́, Monsieur. Èmi ni mo ni ín. Mò ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo rẹ̀, kò sí ibì kan tó ṣófo. Gbogbo rẹ̀ nìyí nínú ìwé.”

Awọnlẹ̀ tú ìwé náà. Ó súfèé. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí igun méjì láti yẹ ìwọ̀n náà wò. Àṣìṣe ibẹ̀ kò tó gígùn apá èèyàn kan.

“Ta ló ya èyí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ti gba iṣẹ́ oṣù kan kúrò lọ́rùn mi.” Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Lẹ́yìn náà ó mú òǹtẹ̀ jáde, ó lù ú sí igun ìwé náà, ó kọ nọ́ńbà sí abẹ́ rẹ̀. “Ibí la ó ti bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ni? Monsieur, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni wọ́n ní.”

“Òótọ́ ni. Àmọ́ oko ńlá gbọ́dọ̀ wà lójú kan, ó sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti mọ́ tán yìí, ẹ̀rọ tó ń wú gbòǹgbò ò tiẹ̀ ní í ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.”

“Ẹ dá ìwé mi padà fún mi, ẹ jọ̀wọ́.”

“Ó ti wọ dòsíyé ìjọba, Monsieur.”

Fádípẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìjọba, ojú ewé mẹ́ta, ní Faransé tí kò ní àṣìṣe kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta èsì dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ìwé ìpín rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì fún un níṣẹ́: kó máa bójú tó ìlà ọ̀pẹ tuntun, kó rí i pé àlàfo wọn ò yẹ̀. Ó gba iṣẹ́ náà. Kí ni ì bá tún ṣe? Ká sòótọ́, ìlà náà tọ́. Nígbà mìíràn, láàárọ̀, kí oòrùn tó le, ó máa ń dúró ní òkè gẹ̀rẹ́, ó máa ń wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú rẹ̀ a sì dùn kó tó rántí.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ìlà náà lọ tààrà. Ó kó ilẹ̀ pupa láti òkè, ó dà á sínú Olóyin. Fádípẹ̀ rí i. Ó lọ bá ọ̀gá oko náà, ó ní ó yẹ kí wọ́n yí ìlà padà kó dá gẹ̀rẹ́ náà lábùú, kí omi má bàa máa sáré.

“Kò ṣeé yí padà,” ni ọ̀gá náà wí. “Ìlà ààlà tó wà nínú ìwé la tẹ̀ lé láti gbìn ín. Ìwé tìrẹ mà ni.”

Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀rùn kejì, Olóyin ti di ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó bá Léontine ṣe ebu túká, oníkálùkù wá ibòmíì gbà. Ẹyìn pàápàá kò sí mọ́, nítorí wọ́n ti wó ọ̀pẹ àtijọ́, ti tuntun kò sì tíì tó so, bó bá sì so, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń lọ. Nínú ilé àgbẹ̀ àwòkọ́ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbàdo jẹ.

“Ẹ lọ bá Ẹ̀gbọ́n yín,” ni Léontine wí.

“Ọ̀lẹ yẹn?”

“Òun náà ni. Ọ̀lẹ ló nílẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, òun àti Léontine mú ìgò ọtí sódábì kan, wọ́n lọ kí Ifáṣínà níwájú ilé rẹ̀, òun dọ̀bálẹ̀, Léontine kúnlẹ̀. Ifáṣínà tú ìdérí ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ta díẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ dìde. Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ tí oyin ti dé.”

Fádípẹ̀ sọ ohun tó gbé wọn wá. Ifáṣínà kò jẹ́ kó sọ ọ́ dópin.

“Ibi tí igbó ti fúyẹ́ lápá ọ̀hún, mú un. Ó ti sinmi tó. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, gbìn ín bó ṣe wù ọ́. Igi nìkan ni o kò gbọ́dọ̀ gbìn.”

Gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ yẹn ló mọ òfin náà: ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ kì í gbin igi, nítorí igi a máa pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ, bó bá sì pẹ́, ẹni tó ni igi ni yóò pe ara rẹ̀ ní olóhun ilẹ̀. Àwọn àlejò ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé kan náà ni wá.”

“Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, Victorin. Bí o bá gbin ọ̀pẹ kan, wàá gbin èkejì kó lè bá a tọ́, wàá wá wá ẹ̀kẹta. Mo bẹ̀ ọ́.”

Léontine rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó béèrè bóyá òun lè máa fi omi tó ń sun lẹ́yìn igbó náà fọ epo. Ifáṣínà ní ẹyìn tòun ti ń jẹrà lórí ọ̀pẹ, agara ló dá òun láti gùn ún. Bí ìyàwó bá rí ẹni bá òun kọ ọ́, kí wọ́n jọ pín in. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kó ìkòkò lọ síbẹ̀, Fádípẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ru èyí tó tóbi jù.

Lọ́jọ́ Ajé ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ka ọ̀pẹ ẹgbàá lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, gbogbo wọn pé, kò sí ìkan tó yẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọkọ́, ó lọ gbin ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ ọ̀lẹ.