Ó Yé Wa, Sà

Bí ẹ bá bi ọkọ Màmá Ẹ̀yìn léèrè iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ní yunifásítì, èsì kan náà ló máa ń fún yín: "Wọ́n ń sanwó fún un kó máa jókòó ni." Àwọn tó gbọ́ á rẹ́rìn-ín, ìyàwó náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé ọkọ rẹ̀ ò parọ́. Àga tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú kíláàsì ni tirẹ̀. Á mú ìwé kékeré kan àti bírò dání, á máa wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni àti ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lábẹ́ tábìlì. Bí kíláàsì bá parí, òun àti olùkọ́ á jọ jókòó sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Màmá Ẹ̀yìn.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti wá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn ọ̀mọ̀wé kan fojú tín-ín-rín wò ó: kí ni olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ kọ́ àwọn? Kò bá wọn jà. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìṣirò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí oorun ń kùn wọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló fẹ́ dẹ́rù bà á?

Lọ́dún kan, olórí ẹ̀ka ìṣirò kọ lẹ́tà sí olùkọ́ àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, nítorí ṣọ́ọ̀kì tí kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni bàbá yìí ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, ó sì fẹ́ràn wọn bí ojú. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjì léraléra, ó lé ní ìdajì wọn tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Lẹ́tà náà ò lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ rárá: bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, wọn á gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé lẹ́tà náà wá sí ọ́fíìsì Màmá Ẹ̀yìn, yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ojú rẹ̀ le koko.

"Màdáámù, ẹ bá mi wò ó. Àwọn ọmọ òde òní ni ò kàwé. Mo máa ń bi wọ́n bóyá ó yé wọn, wọ́n á ní ó yé àwọn. Ká dé ibi ìdánwò, wọ́n á máa wò bọ̀ọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ẹ̀yìn ti wà lórí àga rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, bàbá náà mọ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré lórí pátákó, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete dé ẹ̀yìn, ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bó bá ti kọ ìlà kan tán, á yíjú padà: "Ṣé ó yé yín?" Ọgọ́sàn-án akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó yé wa, sà." Kí wọ́n tó panu dé, ó ti kọjú sí pátákó. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Ẹ̀yìn ti ya ẹja mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀, síbẹ̀ òun náà ń ké "ó yé wa" kíkankíkan.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, Màmá Ẹ̀yìn ṣí ìwé rẹ̀.

"Ìgbà mẹ́rìndínlógójì lẹ bi wọ́n bóyá ó yé wọn, sà."

"Ẹ ò rí i? Kí ni wọ́n sì sọ?"

"Wọ́n ní ó yé àwọn. Àmọ́ ẹ wo orí yín bó ṣe funfun. Ta ló máa dìde nínú wọn, tó máa sọ ọ́ lójú yín pé kò yé òun? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n. Irọ́ ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pa fún yín."

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì fajú ro. Ó ní òun ò gbà.

"Ó dáa. Lọ́jọ́bọ̀, ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni kò yé wọn. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ títí ẹlòmíì á fi sọ̀rọ̀."

"Bí wọn ò bá wá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n máa sọ̀rọ̀."

Bó ṣe dá a lójú tó ni ò jẹ́ kí bàbá náà jiyàn mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá kọ ìlà mélòó kan, ó yíjú padà. "Kí ni kò yé yín?" Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Wọ́n ń wo ara wọn, torí pé wọn ò mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí sórí. Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi èkejì, ó sì gbójú wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Màmá Ẹ̀yìn mirí: ẹ ṣì dákẹ́. Àyà tirẹ̀ ò já. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yìí dáadáa, ó sì mọ̀ pé kì í pẹ́ sú ọmọ ènìyàn.

Ọmọbìnrin kan ní ìlà kẹta nawọ́, ó ń wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Lẹ́tà ábídí tó wà lókè pátákó yẹn, mi ò mọ nǹkan tó dúró fún."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì, sà."

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sì ni wọ́n wà. Bàbá wo gbogbo kíláàsì. "Ta ni ọ̀rọ̀ yìí tún bá wí?" Ọwọ́ kan dìde, ó di márùn-ún, ó di ogún, títí kò fi ṣeé kà mọ́. Ó dùn ún gan-an. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ló ti ń dá sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ó nu pátákó mọ́ tónítóní.

"Èmi ni mo sáré fi yín sílẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sẹ̀ kejì."

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, mọ́kànlélógún péré ló fìdí rẹmi nínú ọgọ́sàn-án. Kíláàsì náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Ẹ̀yìn gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn, ó sì retí pé bàbá á wá dúpẹ́.

Bàbá wá lóòótọ́. Ó jókòó, àmọ́ kì í ṣe ọpẹ́ ló bá wá.

"Màdáámù, àwọn tí mo ti kọ́ fún ọdún méjìlélógún yìí. Ṣé ẹ rò pé àwọn tí kò yé pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi?"

Màmá Ẹ̀yìn lè sọ pé wọn ò tó nǹkan. Ara bàbá ìbá sì yá.

"Wọ́n pọ̀, sà," ó ní. "Aago mélòó ni kíláàsì yín tó kàn?"

"Aago méjì, pẹ̀lú àwọn ọdún kìíní tuntun."

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Bàbá dìde, ó sì lọ kọ́ wọn.