Hassanat àti Bàálù Aláìlẹ́ńjìnnì

Nígbà tí Hassanat padà dé láti Póláńdì, ohun tí àwọn ará ilé wọn ní Àjàó Estate fẹ́ gbọ́ ni irú bàálù tó kọ́ lọ́hùn-ún. Ó ṣe àṣìṣe, ó sọ òtítọ́ fún wọn. Ó ní èyí tí òun kọ́kọ́ kọ́ kò ní ẹ́ńjìnnì. Mísbáù, alájọgbélé wọn tó ń wa tírélà ní Ìsọlọ̀, ló kọ́kọ́ fèsì: ó béèrè bóyá wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì náà tú kí Hassanat tó débẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, tọmọdé tàgbà ń pè é ní Páílọ́ọ̀tì Aláìlẹ́ńjìnnì.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbé e débẹ̀, kò sì lówó tó lè fi kọ́ bàálù tó ń mu epo. Àwọn ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ ní bàálù aláìlẹ́ńjìnnì, wọ́n ní ẹni tó bá ń bá àwọn fọ̀ ọ́, tó ń bá àwọn tì í lórí pápá, á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàálù mìíràn ló ń fi okùn fà á lọ sókè, á tú u sílẹ̀ síbẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná ló ń gbé e ró bí àṣá. Tí kò bá rí atẹ́gùn, ilẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ní láti balẹ̀ dáadáa. Kò sí pé mo ṣì í, ẹ jẹ́ kí n tún yí po wá. Ọdún mẹ́rin ni Hassanat fi fò báyìí kó tó rówó gbàwé àṣẹ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì.

Nílé, ìwé àṣẹ náà kò fún un ní bàálù kankan. Ọ̀gá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, tó máa ń fi bàálù kéékèèké bá àwọn olóko ńlá fín oògùn kòkòrò, gbà á síṣẹ́. Tábìlì àti tẹlifóònù ló fún un. Ọdún méjì ló fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló fò, ta ló balẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, bí kò bá fò kí oṣù tó parí, ìwé àṣẹ rẹ̀ máa kú, kò sì mọ ibi tó ti máa rówó sọ ọ́ jí.

Àsìkò yẹn ni ọ̀gá lọ ra bàálù àlòkù kan, aláwọ̀ òféèfèé, tí táyà rẹ̀ kẹta wà lábẹ́ ìrù. Irú bàálù bẹ́ẹ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lókè. Ilẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà. Bó bá fi díẹ̀ balẹ̀ ní wíwọ́, ìdí á fẹ́ ṣíwájú orí. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Ìdíkòjókòó. Kápítéènì Akíntáyọ̀, tó ti fi ogún ọdún wa bàálù ńlá kó tó wá máa fò fún ọ̀gá, tí orí rẹ̀ pá, tó máa ń ta sánsán fún lọ́fínńdà, gbé e wọ inú koríko lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní bàálù náà ló burú. Ọ̀gá ní ó dáa, àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Ìsọlọ̀ yóò wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì.

Hassanat kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kápítéènì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ronú pé irin kì í bàjẹ́ ju irin lọ. Ó gbà, ó ní kí Kápítéènì jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Hassanat gba òwú dúdú lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Wàsílátù, tó ń kó irun ní Àgọ́ Palace. Ó so ó mọ́ irin tó gbé apá bàálù ró, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Póláńdì, kó lè máa fi rí i bóyá bàálù ń lọ tààrà tàbí ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Kò ronú pé òun ti kúrò ní Póláńdì. Ọ̀gá rí òwú dúdú tí obìnrin so mọ́ bàálù òun, ó dúró gbagidi.

"Hassanat, kí lo so mọ́ ọn?"

"Òwú ni, sà. Atẹ́gùn ló ń fi hàn mí."

Àlàyé yìí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kápítéènì ní òun kò wọ ọkọ̀ olóògùn. Wọ́n gbàdúrà gùn títí, ọ̀gá mú òróró àdúrà jáde, ó ń ta á sára táyà, títí Táíyé mẹkáníìkì fi fi Ọlọ́run kan náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má ta á sí bíréèkì.

Àdúrà yẹn ló jẹ́ kí Kápítéènì wọlé. Wọ́n fò, wọ́n yí po, wọ́n gbàyè láti balẹ̀. Atẹ́gùn ń ti ìhà Ìsọlọ̀ gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kápítéènì ń pariwo lẹ́yìn pé kó fún ẹ́ńjìnnì níná sí i. Hassanat dín in kù. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kì í ṣe tuntun sí i: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ojú rẹ̀ wà níta, lára òwú àti ilẹ̀ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì yéé tẹ pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òwú nà tààrà, táyà kan ilẹ̀. Ìdí fẹ́ yà, ẹsẹ̀ ọ̀tún dá a padà. Ó tún fẹ́ yà, ẹsẹ̀ òsì ti débẹ̀. Ìdíkòjókòó jókòó jẹ́ẹ́ láàárín ojú ọ̀nà.

Kápítéènì tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó nà síwájú. "Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ ni, sà. Bàálù ńlá ti jẹ́ kí tiyín sùn. Èmi ò rí ẹ́ńjìnnì gbójú lé, ìdí nìyẹn tí tèmi ò fi lè sùn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn onírin àlòkù wá, wọ́n bá Hassanat nínú bàálù náà, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tó ń ta sánsán, tí orí rẹ̀ pá dán bí àwo, wọ ṣọ́ọ̀bù Wàsílátù ní Àgọ́ Palace. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n ta òwú dúdú fún òun. Wàsílátù wo orí náà, ó mọ ẹni tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ gbà, ọ̀gá," ló wí, ó sì nawọ́ odidi ìdì kan sí i. "Hassanat ní ẹ máa wá. Ó ní kí n sọ fún yín pé òwú nìkan ò tó, kí ẹ kọ́kọ́ lọ jí ẹsẹ̀ yín lójú oorun."