Ewé Tí Kì í Ṣe ti Mọ́ínmọ́ín

Lọ́dún 1988, òyìnbó tí Títílọpẹ́ àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́ táípíìsì ní Warehouse Road ń padà sílùú rẹ̀, ó ní kí oníkálukú mú ohun tó bá wù ú nínú ọ́fíìsì. Àwọn kan gbé fáànù, àwọn kan gbé àga. Àbúrò mi gbé ìkòkò òdòdó kan, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní písì líílì, wá sí yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé l'Ájégúnlẹ̀. Gbogbo ará ilé fi í rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà kó lè gba atẹ́gùn, ó lọ sọ́jà. Kó tó dé, Ìyá Ese, ará yàrá kejì, ti já gbogbo ewé rẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n, ó fẹ́ fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Lóòótọ́, ewé rẹ̀ àti ewé mọ́ínmọ́ín jọra. Títílọpẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ewé náà yóò yún ẹni tó bá jẹ mọ́ínmọ́ín náà lọ́fun. Ìyá Ese ò bẹ̀bẹ̀ o, ńṣe ló pòṣé.

"Ewé tí kò ṣe é pọ́n nǹkan, tí kò ṣe é fi se àgbo, kí ló ń ṣe nílé tálákà?"

Bíi pé tálákà ò lójú!

Títílọpẹ́ ń bomi rin kùkùté yẹn títí ó fi tún rúwé, tó yọ òdòdó funfun. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló tún gbé e sí.

Ìyá Ese ní, "O tún gbé e síta? Iṣẹ́ wo ló tiẹ̀ ń ṣe?"

"Ìyá Ese, èmi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wa ń pọnmi. Ẹ jẹ́ kí ohun kan ṣoṣo jókòó nínú ilé yìí, kó ṣáà rẹwà. Ẹni tí inú ń bí, kó wá já a lójú mi."