Ọmọ Alágbàfọ̀ Gba Ìsinmi

Nínú ọmọ méjì tó wà nínú ọmọbìnrin kan ṣoṣo yìí, èwo gan-an ni Ọlọ́run dá? Mo ti kúnlẹ̀ bi Í títí orúnkún fi ń ro mí, mo sì ń gbé ìbéèrè náà dìde bí mo ṣe gbé e lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà máa ń jẹun, á rẹ́rìn-ín, á máa ta pọ́ún pọ́ún káàkiri bíi tata, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn tán kó tó ti dìde. Èkejì máa ń jókòó, á kọ̀wé rẹ̀ gún régé, á dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í, ṣùgbọ́n á ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ á wá dà bíi ti àgbàlagbà tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò tètè dé. Hóró oògùn kan báyìí, tí kò tó èékánná, ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Yàrá kan tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì tó fi ń lọ aṣọ gba ìdajì ilẹ̀, aṣọ tó ti gbẹ wà lórí okùn lókè débi pé ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún ṣòkòtò ẹlòmíì. Lẹ́yìn kọ́tìnnì ni yàrá tí òun àti ọmọ ń sùn. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀, ìgbà tí títì bá yọ̀ǹda rẹ̀ ló ń wálé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọmọ náà ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, nígbà tó sì yá wọ́n gbàgbé orúkọ ìyá pátápátá, ó di Ìyá Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Òun náà ti ń jẹ́ ẹ.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, wọ́n ti pè é ní aláìgbọràn, wọ́n ti pè é ní olódo, olùkọ́ kan tilẹ̀ ní kí ìyá lọ wádìí ìdílé ọkọ rẹ̀ dáadáa. Dókítà àwọn ọmọdé ló wá là á yé wọn. Obìnrin tí kì í kánjú ni dókítà náà. Ó ní ọpọlọ ọmọ yìí pé, ó tilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní ìkọ́: atẹ́gùn èyíkéyìí tó bá fẹ́ ló ń ṣí i. Oògùn náà ni ìkọ́. Ó sì ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kì í parí ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í parí ojú ìwé.

Ohun tí oògùn náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò hàn sí àwọn olùkọ́. Alágbàfọ̀ ló rí i, nítorí aṣọ niṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣẹ́ ìsàlẹ̀ yunifọ́ọ̀mù ọmọ náà sókè, kó lè máa tú u bó bá ṣe ń ga sí i. Ọdún yí po, kò rí nǹkan kan tú. Nígbà tó sọ ọ́ fún dókítà, ìyẹn wọn ọmọ náà, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó wá ní kí wọ́n máa fún oògùn ní ìsinmi nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi gígùn. Kí ọmọ jẹun, kí eegun rẹ̀ na ara. Kí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa wọlé tó parí, kí oògùn náà padà. Ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró nígbà mìíràn.

Ìsinmi tí oògùn gbà kò kan alágbàfọ̀ rárá. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà ti sáré dé àárín títì nítorí ológbò. Ni ìyá bá ra àgádágodo, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti inú, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé onírin ni wọ́n ti ń na aṣọ sí i, ojú fèrèsé náà ló ti ń na aṣọ padà. Apẹja kan tó máa ń kó aṣọ wá fọ̀ bi í pé ọdún mélòó ni adájọ́ dá fún un. Ó ní títí ilé-ìwé á fi wọlé ni. Apẹja ní kó máa hùwà dáadáa nínú ibẹ̀, wọ́n lè gé e kù fún un. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, àmọ́ mo rí i pé bí alágbàfọ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kan di irin fèrèsé mú.

Nínú yàrá tó gbóná yìí, áyọ́ọ̀nù wà, omi gbígbóná wà, ọmọ tí kò lè dúró sì wà. Ọmọ náà fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀wù funfun ẹnì kan tó fẹ́ lọ gbéyàwó, ó wá ráyè lọ wo ẹyẹ lójú fèrèsé. Ojú áyọ́ọ̀nù náà ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀wù ọ̀hún títí dòní. Ìyá kò lù ú. Ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ, ó ní òun kò mọ ẹni tí òun ì bá tilẹ̀ lù. Ó sọ fún mi pé lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn òun máa ń ṣí ìgò oògùn náà, òun á da hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, òun á sì mọ̀ lọ́kàn òun pé nítorí ara òun lòun ṣe fẹ́ fún un, kì í ṣe nítorí ọmọ. Òun á wá dà á padà sínú ìgò.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń jẹun. Ó jẹ ìrẹsì tán, ó ní kí wọ́n bu sí i, ó tún fi ìka nu abọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Bàbá rẹ̀ wálé ní ọjọ́ kan, ó gbé e sókè, ó ní ọmọ òun rèé, kí ni gbogbo ariwo oògùn tí wọ́n ń pa. Ó sùn mọ́jú, ó bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá ní òun fẹ́ràn ọkọ òun gan-an, pàápàá tí kò bá tíì sọ̀rọ̀.

Àárín ìsinmi yìí ni Ìyá Ìjọ wá gba aṣọ. Obìnrin dáadáa ni Ìyá Ìjọ, mi ò sì ní sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀. Òun ló ń gba ààwẹ̀ fún àwọn tí kò lókun láti gbà á fún ara wọn. Ó dúró lójú fèrèsé, ó béèrè ọmọ, ó ní ṣé ó ṣì ń lo oògùn. Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, kò yíjú, ó ní, "Rárá mà. Ó ti gba ìsinmi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé Ọlọ́run á mọ ohun tí Ìyá Ìjọ gbọ́. Nínú ìjọ wa, ìsinmi kì í ṣe orúkọ àkókò tí wọ́n bá ti ilé-ìwé pa. Ohun tí a ń bẹ Ọlọ́run fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, fún aláìsàn, fún àgàn, fún ẹni tí ọ̀tá ń lé kiri. Ẹni tó bá ti gba ìsinmi, tirẹ̀ ti parí. Ojú Ìyá Ìjọ kún fún omijé níbẹ̀. Ó na ọwọ́ gba àárín irin kọjá, ó di alágbàfọ̀ mú lápá. Alágbàfọ̀ rò pé àánú òun ló ń ṣe é.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìjọ pè wọ́n síwájú, ìyá àti ọmọ, pé kí ìjọ wá bá wọn dúpẹ́. Ó ní ọmọ tí dókítà sọ pé kò lè jókòó ti gba ìsinmi pátápátá, kò lo oògùn mọ́. Ilé mì tìtì. Wọ́n gbàdúrà pé a kò ní fi oògùn ṣe oúnjẹ, gbogbo wa ṣe àmín.  Alágbàfọ̀ bi mí lẹ́yìn náà pé báwo lèèyàn ṣe ń dá ìyìn Ọlọ́run dúró láti ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan.

Èmi ọmọ ni mò ń wò. Ó padà sórí àga láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e. Ó fi eyín mú ètè ìsàlẹ̀. Kò mira títí ìsìn fi parí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fi í han ara wọn: ẹ ò rí i bó ṣe jókòó? Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀. Mo fi áńkáṣíìfù nù ún fún un, ó bi mí pé, "Màmá Olùkọ́, ṣé mo ṣe é dáadáa?" Mo ní ó ṣe é dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé dé, ìyá gbé omi àti oògùn fún un, ọmọ di ẹnu pọ̀. Ó ní Ọlọ́run ti wo òun sàn lójú gbogbo èèyàn, tí òun bá lò ó, Ọlọ́run á bínú, á ní òun sọ Ọ́ di onírọ́. Ìyá bẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ ọn, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì ọmọ gbà á, ó mumi, ìyá dúpẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó ń tú àpò aṣọ kó tó rẹ wọ́n sómi, bó ṣe máa ń ṣe, ó rí hóró oògùn náà nínú àpò ṣòkòtò apẹja, ó ti rọ̀ díẹ̀ nítorí itọ́.

Ó lọ bá Ìyá Ìjọ. Ó là á yé e pé oògùn ló gba ìsinmi, kì í ṣe ọmọ. Ìyá Ìjọ ní òun kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn o, ṣùgbọ́n ìjọ ti dúpẹ́, ọmọ fúnra rẹ̀ sì ti gbà gbọ́; ṣé ìyá ló fẹ́ wá fa ìgbàgbọ́ tu lọ́kàn ọmọ? Alágbàfọ̀ ní nígbà tí òun padà dé ṣọ́ọ̀bù tí òun ti àgádágodo, òun kò mọ ẹni tí òun ń tì mọ́lé mọ́.

Lónìí ni mo lọ gba aṣọ òtútù mi. Ọ̀la ni wọ́n ń wọlé. Ọmọ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń fò látorí ibùsùn sílẹ̀, a ń gbọ́ ọ. Alágbàfọ̀ ká aṣọ mi, ó gbé e sí ojú fèrèsé, kò sì yọ ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Mo sọ fún un pé màá máa fi wọ́n sínú àdúrà. Ó ní ẹ ṣé mà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú. Gbogbo àpò ni mo máa ń tú kí n tó fọṣọ. Mo máa ń rí tiyín."

Nínú bébà kékeré kan tó dì mọ́ra dáadáa ló ti máa ń dá wọn padà fún mi láti ọjọ́ yìí wá, hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo bá gbàgbé sínú àpò. Kò sọ ọ́ jáde rí. Mo wo ilẹ̀.

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mi ò sì ní sọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ọmọ yẹn gbà gbọ́ bíi tiyín. Ó ní tí Màmá Olùkọ́ bá gbàdúrà, Ọlọ́run máa ń gbọ́ kíá."

Mo ní kí ló wá fẹ́ kí n bá a sọ.

"Ẹ má bá a sọ nǹkan kan, mà. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, láàárọ̀ ọ̀la, kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù, màá ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ mú oògùn yín dání. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ lo tiyín lójú rẹ̀."