Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Snow

Bí mo bá ti gbọ́ ìró ṣọ́bìrì lórí snow, ayálégbé tó wà ní basement, yàrá abẹ́ ilé wa, ní àdúgbò Whitehorn nílùú òyìnbó níbí, ni mo máa ń rántí. Ọkùnrin nọ́ọ̀sì ni. Bó ṣe ń kó snow ló máa ń pe Nàìjíríà, torí àbúrò rẹ̀ ń du tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú.

Á ní fún mi, "Mummy, ìbò yín ńkọ́?"

"Mi ò ní ìbò níbẹ̀."

"Àdúrà yín ni ìbò, mà."

Lọ́jọ́ kan, ó gbé fóònù ti àgbá ìdọ̀tí, ó pe àgbà ẹgbẹ́ náà lórí video, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n lè ti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Ó rì sínú snow.

Àgbà náà pariwo, "Ibo lo wà? Òwú nìkan ni mò ń rí!"

Mo ní, "Wọ ìbọ̀wọ́ ná."

"Ó dìgbà tí bàbá bá gbà, mà!"

Àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Dìde, ọmọ mi. Àbúrò rẹ ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ kejì láti àná. Kò sọ fún ẹ ni?"

Ó gbórí sókè, snow kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àgbà tiwọn, kí n tó dìde."