Àwọn Mẹ́sàn-án Tí Dókítà Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Ìyá Oníbéèrè ni àwọn aláìsàn ń pe dókítà náà, wọn ò sì fi bú u. Tó bá jókòó ti ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, kì í béèrè oògùn nìkan kó dìde. Á béèrè ẹni tó ń dáná nílé, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ẹni tó wá kí i gbẹ̀yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá bi òkúta léèrè ọ̀rọ̀, òkúta á dárúkọ ìyá tó bí i.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Wọ́n á tọ́jú èèyàn títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Kí ọdún tó yípo, wọ́n á tún ti gbé e padà dé. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n lọ, wọ́n lọ náà nìyẹn. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá? Ọdún mẹ́ta ló fi wádìí rẹ̀. Ó kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí páálí pélébé, ó ń tẹ̀lé wọn délé, ó ń bi àwọn ará ilé. Ó wá rí i pé àwọn tí ẹnì kan ń yà wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ìbáà ṣe àbúrò tàbí aládùúgbò, kì í sábà padà sí wọ́ọ̀dù. Ojú ìwé méje ló fi kọ ọ́. Ìwé ìròyìn méjì tí àwọn onímọ̀ ń kà kọ̀ ọ́, ẹ̀kẹta ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọdún mẹ́rin kọjá, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan nílẹ̀ òkèèrè mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀, ló bá di pé ẹni yìí kà á, ẹni yẹn náà kà á. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń fi kọ́ni. Àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í rán nọ́ọ̀sì lọ wo àwọn tó ti padà sílé. Nígbà tó fi máa di ọdún kejìlélógún, ẹgbẹ̀ta ìwádìí ló ti tọ́ka sí ojú ìwé méje yẹn.

Ọdún yẹn náà ni lẹ́tà kan dé. Ọ̀dọ́bìnrin olùwádìí kan ní yunifásítì mìíràn ló kọ ọ́. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kó má bínú, ṣùgbọ́n òun ti ro iye àwọn aláìsàn tó wà nínú àtẹ kejì ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó fi mẹ́sàn-án lé iye tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ẹgbẹ̀ta èèyàn ló ti tọ́ka sí i, kò sẹ́ni tó ro ó pọ̀.

Dókítà lọ bá Bàbá Onífáìlì, ẹni tó ń tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé páálí àtijọ́ wálẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n kà á láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin mẹ́sàn-án ti lọ sílé ọkọ láàárín ìwádìí; wọ́n kọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ní orúkọ bàbá wọn, wọ́n tún kọ wọ́n ní orúkọ ọkọ. Gbogbo wọn ló sì jẹ́ ara àwọn tí wọ́n ń yà wò, tí ara wọn sì le. Bí wọ́n bá yọ wọ́n kúrò, àbẹ̀wò ṣì ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ kò tó bó ṣe kọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ lọ́yà, ní kó fi sílẹ̀. “Àǹtí mi, iṣẹ́ yìí ń ṣe aráyé láǹfààní. Ta ló ń tú ilẹ̀ ogún ọdún? Ẹ bá wa dákẹ́.”

Dókítà fọ àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. “Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe irọ́, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá mọ̀ ọ́n lónìí tí mo dákẹ́, ó ti di irọ́ nìyẹn.”

Ẹ̀rù bà á ṣá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé kí àwọn ilé ìwòsàn má lọ torí rẹ̀ dá àbẹ̀wò dúró. Síbẹ̀ ó kọ àtúnṣe náà ní ojú ìwé kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin yẹn àti Bàbá Onífáìlì, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde. Ilé ìwòsàn kan dá àbẹ̀wò dúró lóòótọ́. Ìpàdé ńlá kan ti pè é láti wá sọ̀rọ̀, kò tún gbúròó wọn mọ́. Ó dùn ún.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ló padà kọ̀wé pé, “Mà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Wọ́n jọ ṣe é fọ́dún márùn-ún ní ilé ìwòsàn mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ńbà ni wọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kó lọ́kọ, kó má lọ́kọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àbẹ̀wò ń ṣiṣẹ́, pàápàá fún àwọn tó ń dá gbé. Dókítà ló fi dandan lé e pé orúkọ ọ̀dọ́bìnrin náà ni kó ṣíwájú lórí ìwé tuntun náà. Ilé ìwòsàn tó dáwọ́ dúró tún bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn olùkọ́ a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní àtúnṣe olójú ìwé kan yẹn kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í nígbà kan bóyá ojú ò tì í nígbà tó ń kọ ọ́. Ó ní ojú ti òun dáadáa, fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ wà nílẹ̀.