Kámẹ́rà Tó Ń Kọ́ni ní Ìtẹríba

Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń gbé ní Houston ní nǹkan bí 1985 ní kámẹ́rà àtijọ́ alápòótí. Àyà ló máa ń gbé e lé, á wá tẹríba wo dígí kékeré tó wà lórí ẹ̀ kó tó lè rí ẹni tó fẹ́ yà.

"Àwọn tó ṣe é ti kógbá wọlé," ló máa ń sọ ṣáá. "Páálí ni wọ́n fi ṣe é, kí tálákà náà lè ya fọ́tò."

Àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì rò pé àwọn ló ń tẹríba fún, wọ́n á máa rọ̀jò àdúrà lé e lórí. Èmi tí mò ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "pẹ̀lẹ́" lásán ni wọ́n máa ń sọ fún mi.

Nígbà tí ìyá mi wá láti Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ mi tẹríba láti yà wọ́n, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà."

Mo ní, "Màmá, kámẹ́rà ló ń wò."

Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín tí ìyá mi rín sí i níbẹ̀, wọn ò rín irú ẹ̀ sí mi rí.